Ọkàn Àwọn Panápaná

Bí a bá gbọ́ pé panápaná kan kú lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí a máa ń rò ni pé iná ló jó o, tàbí pé ilé ló wó lù ú. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà púpọ̀. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti Harvard kọ ọ́ sínú ìwádìí wọn pé nínú 100 panápaná tí ń kú lẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, àrùn ọkàn ló ń pa 45. Iná pípa gan-an kò ju 5 nínú 100 àkókò iṣẹ́ wọn lọ, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ni 32 nínú 100 ikú ọkàn náà ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo bí ó ti ń rí. Ọkùnrin sùn, aago dún lójijì, àyà rẹ̀ já kí ó tó wọ bàtà. Ó gbé ẹ̀wù iná àti ìgò afẹ́fẹ́ kọ́rùn, ẹrù tí ó lé ní 20 kílò, ó sì kó sínú ooru. Òógùn fa omi ara rẹ̀ gbẹ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ki, èéfín sì gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí sìgá bá ti ba iṣan ọkàn rẹ̀ jẹ́ láti ilé, níbẹ̀ ni yóò ti ṣubú.

Nítorí náà, kí a máa yẹ ara wọn wò lọ́dọọdún. Kí wọ́n má ṣe tètè bọ́ ìbòjú nítorí pé iná ti rọlẹ̀, nítorí èéfín ẹyín iná náà ń pani. Kí wọ́n sinmi, kí wọ́n mu omi kí wọ́n tó padà wọlé. Mùsùlùmí inú wọn tí iná bá bá lẹ́nu ààwẹ̀, tí ẹ̀mí rẹ̀ sì wà nínú ewu, ẹ̀sìn yọ̀ǹda kí ó mu omi, kí ó san ọjọ́ náà padà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bú u.

Àwa ará ọjà ńkọ́? A to ìsọ̀ dí ọ̀nà, ọkọ̀ panápaná kò rí ibi gbà. Wọ́n fi ẹsẹ̀ sáré gbé rọ́bà omi wọlé, àwa tún ń sọ wọ́n lókùúta pé wọ́n pẹ́. Ọkàn wọn la fi ń ṣòwò yẹn. Kí àwọn olórí ọjà la ọ̀nà lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n sì lọ bi ọ̀gá panápaná àdúgbò wọn léèrè: ọjọ́ wo ni a wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ọmọ rẹ̀ gbẹ̀yìn?