Abọ́ Ló Kéré, Ọbẹ̀ Kò Tán



Ọ̀rẹ́ mi kan, tíṣà ní Sùúrùlérè, sáré wá bá mi láìpẹ́ yìí. Ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn gbé èsì ìdánwò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo òbí ya lù ú, sáfà wọn kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Wọ́n ní àfi kí àwọn ra tuntun, bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì san owó oṣù tán!

Mo ní, "Tíṣà, ẹ ní sùúrù." A kọjá sí Yábàá, lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó mọ FreeBSD, ìran Unix tí sáfà náà ń lò. Ó tẹ netstat -m. Iye ìgbà tí sáfà béèrè àyè tí kò rí pọ̀ jọjọ.

Ó ní, "Bàbá, bí ọbẹ̀ kún ìkòkò olóúnjẹ, tí abọ́ rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá, kí ni ẹni kọkànlá yóò fi jẹun? Ohun tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, inú abọ́ ni sáfà ń bù ú sí. Báìtì 2,048 ni abọ́ kan ń gbà."

Ó gbé kern.ipc.nmbclusters sókè, ọ̀nà sì là.

Tíṣà ní, "Ẹ kúkú sọ ọ́ di àìlóǹkà!"

"Rárá o, sà. Abọ́ 25,600 lè gba mẹ́gábáìtì 50 nínú mẹ́mórì. Ẹni tó fi abọ́ kún ilé ìdáná, níbo ni yóò dáná sí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ka abọ́ kí ẹ tó ra ìkòkò. Ẹni tó ń gbé Sùúrùlérè kò yẹ kó gbàgbé orúkọ àdúgbò rẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.