Àríyá Ọjọ́ Ìbí Ọmọ Kékeré: Inú Àgbàlá Ni Kí Ó Ti Wá

Àríyá ọjọ́ ìbí ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta jẹ́ ti ẹni tí kò tíì lè ka ọdún ara rẹ̀. Ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n dáadáa: ohùn ìyá rẹ̀, adìyẹ tó ń jẹ̀ lẹ́yìnkùlé, alùpùpù tó ń kọjá, igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Nínú ìwọ̀nba yìí ló yẹ kí òbí ti mú ohun tí ọ̀ṣọ́, oúnjẹ àti eré ọjọ́ náà máa dá lé. Bí òbí kan ní Pobè tàbí Sakété bá kó owó ẹyin àti ẹ̀wà lé àwòrán akọni sinimá òkèèrè tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀rá, àdánù gidi ni, nítorí ọmọ ọdún méjì kò mọ akọni náà rí.

Ṣíṣe ọjọ́ ìbí lọ́dọọdún kì í ṣe àṣà àtijọ́ nílẹ̀ Nàgó. Ìsọmọlórúkọ, ní ọjọ́ kẹjọ, ni ọjọ́ ńlá ọmọ. Àwọn àgbàlagbà wà ní Benin tí ìwé ìbí wọn ní “né vers” (a bí i ní nǹkan bí) àti ọdún nìkan, torí kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Àkàrà òyìnbó tí wọ́n ń gún àbẹ́là sí, tí wọ́n ń pè ní gàtó, ti Jámánì wá. Láàárín ọdún 1700 sí 1800 ni wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀. Ṣùgbọ́n pípe ọmọ wẹ́wẹ́ jọ láti jẹun nítorí ọmọ kan kì í ṣe àjèjì rárá. Sàárà ọmọdé ti wà, ẹ̀wà ìbejì ti wà: ẹ̀wà tí epo rin dáadáa, tí wọ́n dà sínú àwo ńlá kan, tí gbogbo ọmọ agboolé yí ká, tí wọ́n ń fọwọ́ jẹ, tí wọ́n sì ń ṣe àmín sí àdúrà àgbà. Àríyá ọmọdé tó péye nìyẹn. Gàtó kàn wá kún un ni.

Fún ọmọ Pobè, ọ̀pẹ súnmọ́ tòsí. Láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní ìlú náà. Imọ̀ ọ̀pẹ tó ti gbó ṣeé fi bo ẹnu ọ̀nà, ó ṣeé fi ṣe ìbòòji, ó sì ṣeé hun ní agbọ̀n pẹlẹbẹ tí wọn yóò gbé oúnjẹ sí. Màrìwò ni kí wọ́n fi sílẹ̀ o. Ewé ọ̀dọ́ yẹn, àmì ojúbọ àti ti Ògún ni. Ibi tí wọ́n bá ta á sí ti di ibi ọ̀wọ̀, kì í ṣe ibi eré ọmọdé. Bákan náà ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé aṣọ àti ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wọ̀ láti dá ọmọ kékeré lára yá. Yàtọ̀ sí pé ó ní àwọn tó ni ín, ọmọ ọdún méjì máa ń bẹ̀rù ojú tó bá fara pamọ́.

Kókó tó dára jù fún ọjọ́ orí yìí, ọkọ̀ ojú irin ni. Nígbà ìjọba Faransé, ojú irin náà gba Àjàṣẹ́ kọjá sí Sakété, ó sì parí sí Pobè. Sakété àti Pobè ló jọ ni ìtàn yìí, bẹ́ẹ̀ ni páálí òfìfo kò wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù. Páálí mẹ́rin ti tó fún ara ọkọ̀ náà. Wọn yóò gé orí wọn kúrò, wọn yóò fi okùn so wọ́n pọ̀ tẹ̀lé ara wọn, wọn yóò sì gé ẹsẹ̀ róbótó láti ara páálí karùn-ún. Sítáàṣì gbàgùdá tí wọ́n fi omi gbígbóná rò ni kí wọ́n fi lẹ̀ wọ́n, torí pé bí ọmọ bá fi ọwọ́ sẹ́nu, kò ní ṣe é ní nǹkan. Èédú lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ sítáàṣì yẹn kan náà yóò fún wọn ní dúdú, osùn yóò fún wọn ní pupa. Bí àríyá bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀ṣọ́ náà di eré: ọmọ kan jókòó sínú páálí, ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ń fà á yí àgbàlá ká. Bàbá àgbà tó bá rántí ọkọ̀ ojú irin náà ti rí iṣẹ́ ṣe: òun ni yóò máa dún bí i. Ẹni tí kò bá rí páálí lè fi Ìjàpá ṣe kókó, kó da ìlàjì igbá bo orí àwo oúnjẹ gẹ́gẹ́ bí ìkarahun.

Gàtó kò nílò ààrò òyìnbó. Àwọn ará Faransé ní irú kan tó jẹ́ pé ike yaourt kan ṣoṣo ni òṣùwọ̀n rẹ̀: yaourt ẹyọ kan, ṣúgà méjì, ìyẹ̀fun mẹ́ta, òróró ìdajì, ẹyin mẹ́ta, àti levure chimique àpò kékeré kan. Fún ọmọdé, kí ṣúgà jẹ́ ẹyọ kan, kí wọ́n sì gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n dáadáa kún un. Kí wọ́n da iyanrìn gbígbẹ sísàlẹ̀ ìkòkò tó nípọn, kí wọ́n jẹ́ kó gbóná fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n gbé agolo gàtó lé òkúta mẹ́ta nínú rẹ̀, kí wọ́n dé e, kí wọ́n sì kó ẹyin iná díẹ̀ sórí ìdérí. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n bá gún un yóò jáde ní gbígbẹ. Ẹ̀wà, àkàrà kéékèèké àti dòdò yóò bá a rìn. Ohun mímu aládùn kò sí nínú rẹ̀: ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 2023 ni pé kí ọmọ oṣù 6 sí 23 má mu ún rárá.

Ohun tó lè há ọmọ lọ́fun ṣe pàtàkì ju ẹwà lọ. Ẹ̀pà, gúgúrú, súìtì líle àti èso tó ní kóró kò yẹ ní àwo ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Bàlúù róbà tí wọ́n ń fẹ́ burú jù wọ́n lọ bó bá bẹ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin mú un ní dandan kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára páálí rẹ̀ nítorí àwọn tí kò tíì pé ọdún 8. Ọmọ àlejò tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ fẹnu kan oyin.

Kí òbí tó kéde ọjọ́, kó kọ́kọ́ bi àwọn àgbà bóyá Orò yóò jáde, torí pé ìyá ọmọ àti àwọn obìnrin tó fẹ́ pè kò ní lè jáde lọ́jọ́ náà. Láti oṣù kẹrin sí ìkeje, òjò ń rọ̀ púpọ̀. Kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà ní ìmúrasílẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ọmọ ti sùn jí, dára ju ọ̀sán gangan lọ, wákàtí kan àbọ̀ sì tó. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá kò ṣe ọmọ láǹfààní kankan. Àtẹ́wọ́ àti orin ẹnu ló máa ń mú un jó.

Ìmọ̀ràn àwọn aláwọ̀ funfun kan ni pé kí iye àlejò má ju ọjọ́ orí ọmọ lọ púpọ̀. Kò ṣeé ṣe nínú agboolé, kò sì dára. Ta ni yóò lé ọmọ aládùúgbò padà lẹ́nu ọ̀nà? Ohun tó yẹ ni kí ẹ̀wà pọ̀, kí gbogbo ọmọ tó bá wá jẹ níbẹ̀, kí wọ́n sì gé gàtó wẹ́wẹ́. Àádùn ni kí wọ́n dì fún wọn lọ sílé, nínú ewé tàbí ìwé. Òfin Benin ti 26 oṣù kejìlá ọdún 2017 ti ka ọ̀rá tí kò lè jẹrà léèwọ̀, nítorí náà ewé bá òfin mu, kò sì náni ní nǹkan kan. Páálí ọkọ̀ ojú irin lè wà ní àgbàlá fún àwọn ọmọ títí òjò yóò fi bà á jẹ́.