Gbèsè Ló Ti Agni Air Pa, Kì Í Ṣe Òfin

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ní èdè Nepal, iná ni ìtumọ̀ "Agni". Orúkọ yìí ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kékeré kan ń jẹ́ ní orílẹ̀-èdè olókè náà. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2006, ó sì kógbá wọlé kí ọdún 2012 tó parí. Láàárín ọdún díẹ̀ yẹn, ènìyàn 29 bá ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí àjò àrèmabọ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe ikú wọn ló ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Gbèsè ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tí a ń sọ. Nínú òkè 14 tó ga ju mítà 8,000 lọ láyé, mẹ́jọ wà ní Nepal tàbí ní ẹnu ààlà rẹ̀. Abúlé pọ̀ níbẹ̀ tí ọ̀nà mọ́tò kò dé, tó jẹ́ pé ìrìn ọjọ́ mélòó kan lórí òkè ni bàálù ń sọ di ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958 nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ìjọba ṣílẹ̀kùn fún aládàáni. Wọ́n dé lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n sì ń kú lọ́wọ̀ọ̀wọ́: Necon Air wá, ó lọ, Cosmic Air wá, ó lọ. Ẹ̀yìn wọn ni Agni tò sí.

Ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹjọ, ọdún 2010, ọkọ̀ Dornier 228 ti Agni gbéra ní Kathmandu, ó ń lọ sí Lukla, níbi tí ọ̀nà ìbalẹ̀ kò ti gùn ju mítà 527 lọ, tí ọ̀gbun wà ní ìpẹ̀kun kan, tí ògiri òkè sì wà ní ìkejì. Ojú ọjọ́ kò dára. Àwọn awakọ̀ ròyìn pé ẹ̀rọ amúnáwá inú ọkọ̀ náà ní ìṣòro. Wọ́n ń padà bọ̀ ni ó já ní Shikharpur. Gbogbo ènìyàn 14 tó wà nínú rẹ̀ ló kú.

Kò tó ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 14, oṣù Karùn-ún, ọdún 2012, Dornier mìíràn ti Agni gbéra láti Pokhara, ó sì kọlu òkè nígbà tó fẹ́ balẹ̀ ní Jomsom. Nínú ènìyàn 21, 15 kú. Taruni Sachdev, ọmọdébìnrin òṣèré ará Íńdíà, wà lára wọn. Ọjọ́ yẹn gan-an ló pé ọmọ ọdún 14.

Lẹ́yìn èyí, Agni ṣì ń fò. Ìgbà tí owó tán, tí gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ni ọkọ̀ rẹ̀ tó dúró. N kò sọ pé owó àtúnṣe ẹ̀rọ ni wọ́n ná sí ibòmíràn. Ìbéèrè mi ni pé: ilé iṣẹ́ tó ń wọ gbèsè bẹ́ẹ̀, ta ló ń ṣọ́ ọ kó má fi ẹ̀mí ènìyàn dí àlàfo owó?

Àwọn kan á ní òkè àti kùrukùru ló ń pànìyàn ní Nepal, pé bí òfin bá le jù, àwọn ará òkè kò ní rí ọkọ̀ wọ̀. Èmi kò gbà. Òkè kò yí ipò padà. Ibi tí baba ńlá wọn bá a náà ló wà. Bí ewu bá ti hàn sí gbogbo ayé tó báyìí, ìṣọ́ ló yẹ kó pọ̀ sí i. Ẹ̀mí ará òkè kò sì kéré sí ti ará ìlú ńlá tí a ó fi sọ pé ọkọ̀ tí kò dá wa lójú tó fún wọn.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ọjà yìí ni CAAN, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso ìrìnnà òfurufú níbẹ̀. Àjọ yìí ló ń fún àwọn ọlọ́kọ̀ ní ìwé àṣẹ, òun náà ló ń bójú tó pápákọ̀, tó ń gba owó lọ́wọ́ wọn. Rẹfirí tó tún ń gbá bọ́ọ̀lù ni. Bó bá dá ọlọ́kọ̀ dúró, owó tirẹ̀ ló ń dín kù. Ní oṣù Kejìlá 2013, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de gbogbo ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Nepal ní òfurufú wọn, wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pín àjọ náà sí méjì. Ó di oṣù Kìíní 2023, tí ọkọ̀ Yeti Airlines já ní Pokhara tí ènìyàn 72 kú, wọn kò tíì pín in.

Kí a má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ohun tó bá ojú ti bá imú. Ènìyàn 117 kú nínú ọkọ̀ Bellview ní Lísà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní 2005, kí òfin ọdún 2006 tó fún NCAA lágbára láti dá dúró. Síbẹ̀, kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ti Jomsom tí ọkọ̀ Dana fi já ní Ìjú-Ìṣàgà, tí gbogbo ènìyàn 153 inú rẹ̀ kú. Òfin nìkan kò tó. Ṣùgbọ́n níbi tí òfin kò bá sí, kí ni a ó dì mú láti fi bi aláṣẹ léèrè?

Nítorí náà, kí Nepal ya aṣọ́nà sọ́tọ̀ kúrò lára olówò. Kí aṣọ́nà náà máa yẹ ìwé owó ọlọ́kọ̀ wò bó ti ń yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò. Ẹni 29 kì í ṣe gbèsè tí ilé iṣẹ́ lè kú kó sì fi sílẹ̀ láìsan. Iná Agni ti kú, ṣùgbọ́n òrùlé tó jó ṣì wà lórí ilé, àwọn ènìyàn sì ń sùn sábẹ́ rẹ̀.