PÀṢÁN KÌ Í ṢE ÌWÀÁSÙ

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, ọ̀rọ̀ yìí máa dun àwọn kan, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dópin.

Ẹ ti rí fídíò yẹn, ẹ má díbọ́n. Ọmọkùnrin tó sọ fún ìyá rẹ̀ pé láti kékeré lòun ti ń rí ara òun bí obìnrin. Wọ́n fá a lórí, wọ́n nà án, wọ́n sì ń yà á. Àwọn ọmọ ìjọ wa wà lára àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ kiri, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. Ohun tí Jẹ́nẹ́sísì 1:27 wí la gbà gbọ́: akọ àti abo ni Ọlọ́run dá wa. A ò yí i padà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ Bíbélì wo lẹ ti rí pàṣán yẹn?

Àwa la kọ́ ọmọ ní Sunday School pé kó má purọ́. Ọjọ́ tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ẹgba ló gbà. Kí lẹ rò pé ó kọ́ níbẹ̀? Irọ́ ni. Lọ́la, á gbé kóòtù wọ̀, á ní òun ti rí ìtúsílẹ̀, ẹ ó pàtẹ́wọ́, ẹ ó tún bá a wá ìyàwó. Ọmọ ọlọ́mọ ló máa jìyà irọ́ yẹn!

Ẹ ní òfin wà. Òfin ọdún 2014 lòdì sí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin. Kò sọ yín di adájọ́, kò sì ní kí ẹ na ọmọ ẹnikẹ́ni.

Deutarónómì 23:1 ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìwẹ̀fà. Nígbà tó di Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8, Fílípì jókòó ti ìwẹ̀fà ará Etiópíà, ó ṣàlàyé ìwé fún un, ó sì rì í bọmi. A ò sọ pé ọ̀rọ̀ ìwẹ̀fà àti ti ọmọ yìí jẹ́ ọ̀kan náà. Ohun tí à ń sọ ni pé Fílípì jókòó tì í.

Àwa náà jẹ̀bi. Nígbà kan, a dá ọmọ kan kúnlẹ̀ níwájú ìjọ torí pé ó ń rìn bí obìnrin. Kò padà wá mọ́. Títí di òní, a ò mọ ibi tó wà.

Bí a bá fọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún yín dà? Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá lé ọmọ jáde, ta lẹ fi í lé lọ́wọ́? Ẹ sọ ìgbàgbọ́ yín fún un, kí òun náà sọ tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ò bá tíì wọ̀, ẹ ṣáà jọ jẹun.

Ẹni tí fídíò yẹn bá wà lórí fóònù rẹ̀, kó pa á rẹ́ kó tó wá sí ìsìn lọ́jọ́ Àìkú.

Olúwa á ṣàánú fún wa. Àmín.