Ẹ Kú Iṣẹ́, Ẹ̀yin Tó Ṣílẹ̀kùn fún Ọmọ Tí Kò Ríran

Ohun tí JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé sí yunifásítì, ṣe ní 2017 yẹ lóríyìn ní gbangba. Wọ́n dá ẹgbẹ́ JAMB Equal Opportunity Group sílẹ̀ láti máa bójú tó ìdánwò àwọn ọmọ tí kò ríran. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, ọmọ Abẹ́òkúta ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa, ni ọ̀gá àjọ náà nígbà yẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Òkèbùkọ́lá ni wọ́n fi ṣe alága ẹgbẹ́ ọ̀hún. Wọ́n ń tẹ ìbéèrè ní bíréèlì, wọ́n ń kà á sétí ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń wá ibi tí ọmọ náà àti ẹni tó ń mú un lọ́wọ́ yóò sùn. Ẹ ṣeun gan-an ni.

Inú mi dùn pé onímọ̀ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni Òkèbùkọ́lá, ẹni tó gba ẹ̀bùn Kalinga ti UNESCO ní 1992. Ìdí ni pé inú kíláàsì sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò gan-an ni bàtà ti ń ta ọmọ wọ̀nyí lẹ́sẹ̀. Ọpọlọ ọmọ lè mú bí idà, síbẹ̀ kíláàsì áàtì ni wọn yóò darí rẹ̀ sí, nítorí kò sẹ́ni nílé ìwé rẹ̀ tó lè fi ìṣirò hàn án lọ́nà tí ìka rẹ̀ yóò fi kà á.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ kọ́ṣẹ́ kíkọ́ ọmọ tí kò ríran ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí oríyìn yìí dé ọ̀dọ̀ yín jù. Ẹ mọ Taylor frame tí ọmọ tí kò ríran fi ń ṣe ìṣirò: pátákó oníhò tí ihò kọ̀ọ̀kan ní igun mẹ́jọ. Ègé irin kékeré ni ọmọ ń kì bọ ihò náà. Bó bá ṣe yí i sí ni yóò sọ nọ́ńbà tó jẹ́. Ìka rẹ̀ ń rìn lórí pátákó, ó ń rò ó, ó ń yọ ọ́, títí yóò fi rí ìdáhùn.

Irin àti ike la fi ń ṣe pátákó yìí. Láti Sàngó gba ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò lọ, ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin àti èyí tó ń ṣe ike pọ̀ l'Ọ́tà. Yunifásítì Covenant àti Bells náà wà níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ẹnjiníà. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wọn ya àwòrán rẹ̀, kí ilé iṣẹ́ kan ṣe é, kó sì pín in fún ilé ìwé ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Ilé iṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ ṣe é, orúkọ rẹ̀ ni a óò gbé sókè nínú oríyìn wa tó kàn.