Gáàsì Ń Ròkè Òkun, Igi La Fi Ń Dáná

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí gáàsì inú ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ tó ti Nàìjíríà. Láti 1999 ni ọkọ̀ òkun ti ń kó o lọ sí Yúróòpù láti Bonny. Láti Ìtòkí, ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbí, ọ̀pá ń gbé e lọ sí Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà. Òfin 1979 ní kí wọ́n má sun ún dànù mọ́ láìgbàṣẹ láti 1984. Iná náà ń jó dòní.

Ẹ wá wo Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ná! Igi àti èédú ni ọ̀pọ̀ ìyá wa fi ń yan gàrí, tí wọ́n fi ń ro àmàlà. Èéfín ń pa wọ́n lójú, igbó sì ń tán. Ṣé a ń gbé etí odò ká máa fi itọ́ ṣanwọ́ ni?

N ò ní kó jẹ́ ọ̀fẹ́ o. Turkmenistan, tí òun náà ní gáàsì rẹpẹtẹ, fún ará ìlú lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1993 fún ohun tó lé ní 20 ọdún, kó tó fòpin sí i. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ìjọba ya ti ilé sọ́tọ̀ kí wọ́n tó ta tòde, kí wọ́n sì fi sìlíńdà àti sítóòfù yá àwọn onígàrí, kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ọ̀yọ́.