Ẹ Fi Àyè Sílẹ̀ fún Kẹ̀kẹ́ Ológeere ní Àwọn Ọ̀nà Ọ̀fà

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró lónìí ní ojú ọ̀nà tí ó wọ Ọjà Ọwọ́dé ní Ọ̀fà yóò rò pé àṣẹ kan ti jáde pé ohun tí ń mu epo nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ láti rìn níbẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù, bọ́ọ̀sì, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n pín ojú títì láàrín ara wọn. Ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ ológeere, èyí tí àwọn baba wa ń pè ní básíkù, inú koríko tàbí etí gọ́tà ni ìpín tirẹ̀. A kò gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀ ní àtijọ́. Ní 1907 ni ojú irin dé Òṣogbo. Láti ibẹ̀ ni ó ti gba Ọ̀fà kọjá lọ sí Ìlọrin àti Jẹ́bbà. Ọkọ̀ ojú irin sọ Ọ̀fà di ìlú òwò, ṣùgbọ́n kò lè yà sí gbogbo abúlé. Kẹ̀kẹ́ ni ó ń parí ìrìn àjò tí rélùwéè bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ ń fi í ru iṣu, akọ̀wé ń gùn ún lọ sí ibi iṣẹ́, olùkọ́ sì ń gùn ún láti ìlú kan dé èkejì láti lọ kọ́ àwọn ọmọ. Olùkọ́ tí ó bá ra kẹ̀kẹ́ nígbà náà, ẹsẹ̀ kejì ni ó rà fún ara rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí kò ní gbàgbé pé iṣẹ́ yín àti kẹ̀kẹ́ jọ dàgbà ni.

Ohun tí a ń bèèrè kò pọ̀. Nígbàkígbà tí a bá ń ṣe ọ̀nà titun tàbí tí a bá ń tún ti àtijọ́ ṣe ní agbègbè Ọ̀fà, kí a tẹ́ ọ̀dà sí etí rẹ̀ méjèèjì, kí ó fẹ̀ tó mítà kan àti ààbọ̀, kí a fi ìlà funfun yà á sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn èyí, kí a yan ọ̀nà mẹ́ta, kí a sì ri àmì mọ́lẹ̀ síbẹ̀ tí yóò máa tọ́ àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ sọ́nà.

Ọ̀nà kìíní ni ti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Kò gbọdọ̀ jìn. Kí ó lọ láti Ọ̀fà sí Ẹ̀rìn-Ilé àti Ìpeé, kí ó sì na ọwọ́ sí Òjòkú àti Ìrá, ìlú tí ìtàn so mọ́ orúkọ Ọya. Odò Ọyún tí a dí di adágún kí Ọ̀fà lè rí omi mu jẹ́ ibi tí olùkọ́ lè kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ láti fi ojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé. A kò sì ní fi pamọ́ pé ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ láàrín Ọ̀fà àti Ẹ̀rìn-Ilé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n bá ń pàdé lórí kẹ̀kẹ́ ní òwúrọ̀, tí wọ́n sì ń kí ara wọn, yóò ṣòro láti rán wọn sí ara wọn pẹ̀lú igi àti àdá nígbà tí wọ́n bá dàgbà.

Ọ̀nà kejì kọrí sí ìhà ìlà-oòrùn, ó gba Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òró dé Èsìẹ́, títí dé ibi tí omi Òwù ti ń já láti orí àpáta gíga. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ Ìgbómìnà yìí, orí òkè rẹ̀ a sì máa dán ẹsẹ̀ akin wò. Ní 1933, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S. kan ni ó mú kí ayé gbọ́ nípa àwọn ère òkúta Èsìẹ́ tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ní 1945 ni a ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sí ibẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Mélòó nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ọ̀fà ni ó ti dé ibẹ̀ rí?

Ọ̀nà kẹta gba ìhà gúúsù lọ sí Òkukù àti Ìkirun, níbi tí òkè àpáta ti yí ìlú ká, tí adágún Èkó-Ẹńdẹ lórí odò Òtìn kò sì jìnnà. Òṣogbo ni yóò parí sí, ní igbó Ọ̀ṣun tí àjọ UNESCO kọ mọ́ ara àwọn ogún gbogbo ayé ní 2005. Òkè, adágún àti igbó, ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wò ní ilẹ̀ òkèèrè, ó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa.

Bí ẹnìkan bá ń rò pé àlá lásán ni a ń lá, kí ó wo Rùwáńdà. Ilẹ̀ ẹgbẹ̀rún òkè ni wọ́n ń pè é. Ó ní adágún Kivu àti igbó Nyungwe. Ní 1988 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré-ìje kẹ̀kẹ́ tí ó yí ilẹ̀ wọn ká. Ogun àti ìpakúpa 1994 fẹ́rẹ̀ẹ́ pa orílẹ̀-èdè náà run, síbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìlú Kigali ni ó gba àlejò ìdíje àgbáyé ti kẹ̀kẹ́ ojú ọ̀nà, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò wáyé ní ilẹ̀ Áfíríkà. Biniam Girmay, ọmọ ilẹ̀ Eritrea, borí ní ìpele mẹ́ta nínú Tour de France ti 2024, ó sì gba ẹ̀wù àwọ̀ ewé rẹ̀. Ní ọdún kan náà, Ese Ukpeseraye ṣojú Nàìjíríà ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Paris. Nígbà tí ó rí àyè nínú eré-ìje ti inú pápá, kò ní kẹ̀kẹ́ tí a fi ń sá a. Àwọn ará Jámánì ni wọ́n yá a ní ti wọn. Ojú tì wá nígbà tí a gbọ́. Ọ̀fà tí a mọ ìjàkadì mọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò yẹ kí ó jẹ́ ìlú tí yóò sọ pé eré ìdárayá jẹ́ iṣẹ́ ọ̀lẹ.

Àwọn kan yóò bi wá léèrè pé: ta ni yóò gun kẹ̀kẹ́ wọ inú igbó nígbà tí àwọn agbébọn ń bẹ níta? Ìbéèrè náà tọ́. Ọ̀fà kò tíì gbàgbé ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018, nígbà tí àwọn adigunjalè ya wọ àwọn báńkì tí wọ́n sì pa ènìyàn púpọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn kọlu àwọn olùjọsìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Èrùkú. A kò ní gba ẹnikẹ́ni ní ìmọ̀ràn láti fi ọmọ rẹ̀ sínú ewu. Nítorí náà ni a ṣe ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀nà kìíní, èyí tí ó wà láàrín ìlú sí ìlú. Kí àwọn méjì yòókù dúró títí ìjọba yóò fi pèsè ẹ̀ṣọ́ tí ó tó. Ṣùgbọ́n kí ìjọba má fi èyí ṣe àwáwí. Ọ̀nà tí ọmọ kò lè gùn kọjá ní ọ̀sán gangan, àgbẹ̀ àti oníṣòwò náà kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀ lórí rẹ̀.

Ta ni kí a wá di iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́? Òfin ti dáhùn. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Fífún kẹ̀kẹ́ ní ìwé àṣẹ wà níbẹ̀; ṣíṣe ọ̀nà, títì àti gọ́tà àti títọ́jú wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìjọba tí òfin fún ní agbára láti gba owó lórí kẹ̀kẹ́, ṣé kò yẹ kí ó fún kẹ̀kẹ́ ní ibi tí yóò gbà? Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ dá a pé kí a máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ tààrà fún un. Bí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn ọ̀nà ńlá tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tàbí ti àpapọ̀, àwọn alága ìbílẹ̀ àti àwọn aṣojú wa ní ẹnu láti fi bèèrè.

Ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù tí ẹ ìbáà wà, a ń ké sí yín. Nígbà tí àwọn tí ń wá ìbò yín bá dé pẹ̀lú ìlù àti fìlà, ẹ má bi wọ́n léèrè ìrẹsì nìkan. Ẹ bi wọ́n pé: mítà kan àti ààbọ̀ ti àwọn ọmọ wa ńkọ́? Kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ka iye ọmọ tí ń fi ẹsẹ̀ rìn wá sí ilé-ẹ̀kọ́ yín láti ọ̀nà jíjìn, kí ẹ sì gbé iye náà lọ síwájú ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé tí ó ní iye nínú ṣòro láti jù sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí àwọn tí a fún ní àṣẹ má ṣe dí èyí tí ó rọrùn jù lọ fún àwọn ọmọ wa.